Pọ́ǹpù tó bàjẹ́ pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣèrànwọ́ pọ̀: Báwo ni ojú òpó ayélujára ṣe lè so wọ́n pọ̀?

Odò Benue gba àárín ìlú Makurdi kọjá, ó sì fẹ̀ débi pé àlejò tó bá kọ́kọ́ gun afárá rẹ̀ lè rò pé kò sí ilé kan tí omi lè wọ́n nílùú náà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì kiri ni wọ́n ti ń ra omi tí wọ́n ń lò.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Makurdi, ti ìpínlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ìṣirò owó, ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kún inú wọn. Benue sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àjọ WaterAid, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1995, ti ṣiṣẹ́ omi fún àwọn ará abúlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣèrànwọ́ wà, àjọ tó nílò ìrànwọ́ wà, síbẹ̀ wọn kìí sábà mọra. Ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ á kọ̀wé sí àjọ kan, kò ní gbọ́ èsì. Àjọ náà, tó ṣeéṣe kó má ní ju òṣìṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, kò ráyè dá ẹni tí kò mọ̀ rí lóhùn. Bó ṣe rí ní Makurdi náà ló rí ní Kano, ní Calabar, ní Cotonou àti ní Accra.

Ìdí nìyí tí èrò kan fi máa ń wá sọ́kàn àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tó ń wá iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n máa fi gboyè: kí wọ́n ṣe ojú òpó ayélujára kan tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti forúkọ sílẹ̀, tí àjọ tó ń pèsè omi á ti sọ ohun tó nílò, tí ojú òpó náà á sì so wọ́n pọ̀.

Èrò tó dáa ni. Ẹni tó mọṣẹ́ sì lè kọ irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibi tí wàhálà wà ni ohun tó ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kìí rò títí tí wọ́n á fi ṣí i tán.

Kànga tuntun nìkan kò yanjú rẹ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́dún 2021, àrùn onígbáméjì jà káàkiri orílẹ̀èdè náà. Àjọ NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ṣàkọsílẹ̀ èèyàn tó lé ní 111,000 tí wọ́n fura pé àrùn náà mú, àwọn tó lé ní 3,600 sì kú. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá ni àrùn yìí ń bá wọlé.

Bí ọ̀pọ̀ bá gbọ́ irú nǹkan báyìí, ohun tó máa ń yá wọn lára ni kí wọ́n gbẹ́ kànga sí i. Àwọn olówó, àwọn olóṣèlú àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun ló fẹ́ràn kànga tuntun. Wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára táǹkì.

Àmọ́ lọ́dún 2009, àjọ Rural Water Supply Network ṣe àkójọ ìṣirò láti orílẹ̀èdè 20 ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, wọ́n sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún pọ́ǹpù àfọwọ́fà, bíi 36 ni kò ṣiṣẹ́. Ìwádìí tó tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá fi hàn pé ó ti dín kù, àmọ́ ó ṣì tó ẹyọ kan nínú mẹ́rin.

Ohun tó ń ba pọ́ǹpù wọ̀nyí jẹ́ kìí sábà jẹ́ ohun ńlá. Rọ́bà inú rẹ̀ lè jẹ. Irin tó ń fa omi sókè lè já. Pọ́ǹpù Afridev tó wà ní ọ̀pọ̀ abúlé Nàìjíríà àti Ghana, wọ́n dìídì ṣe é lọ́nà tí àwọn ará abúlé á fi lè fi sípánà kan ṣoṣo tú u.

Ohun tó ń sọ nǹkan kékeré yìí di ńlá ni pé ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa tún un ṣe ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Owó tí ìgbìmọ̀ WASHCOM, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń mójútó omi lábúlé, ń dá jọ ti tán. Ibi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà náà jìnnà. Àjọ tó gbẹ́ kànga náà kò sì mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Nínú ìwé tiwọn, iṣẹ́ ti parí, fọ́tò sì wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti wúlò. Kò dìgbà tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga. Ohun tí àwọn àjọ kò ní ni ẹni tó wà nítòsí, tó lè padà lọ wo pọ́ǹpù náà lóṣù mẹ́fà, lọ́dún kan, lọ́dún méjì, kó sì sọ bó ṣe bá a.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe, àti èyí tí kò yẹ kó dá ṣe

Akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ sí abúlé tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó fi fóònù ya pọ́ǹpù, kó fi ibi tó wà sórí máàpù, kó ka iye ìgbà tó fà á kí omi tó yọ. Ó lè béèrè ìgbà tó bàjẹ́ kẹ́yìn, ẹni tó tún un ṣe, àti iye tó ná wọn.

Áàpù tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. ODK àti KoboToolbox ń jẹ́ kí èèyàn kọ ìdáhùn sínú fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, tí yóò wá fi ránṣẹ́ nígbà tó bá dé ìgboro. mWater ni tiẹ̀, ọ̀rọ̀ omi gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ìkànnì Water Point Data Exchange sì ń kó àkọsílẹ̀ kànga àti pọ́ǹpù láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀èdè jọ síbi kan tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ẹni tó bá ń kọ ojú òpó tuntun kò gbọdọ̀ fi oṣù mẹ́fà tún ohun tó ti wà ṣe.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe láti yàrá rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àjọ fi ń kọ ìkéde nípa fífọ ọwọ́ àti sísè omi, bẹ́ẹ̀ èdè Tiv, Hausa, Kanuri tàbí Ebira ni àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ń sọ. Ọmọ tó sọ Tiv dàgbà mọ ohun tí onímọ̀ láti Abuja kò mọ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó lè to rìsíìtì àjọ kékeré kan jọ kí wọ́n tó kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́. Kò dùn-ún yà ní fọ́tò bíi ti kànga, àmọ́ òun ni àìsí rẹ̀ máa ń pa irú àjọ bẹ́ẹ̀ lára.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí ojú òpó náà gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Àkọ́kọ́ ni pé kò gbọdọ̀ sọ fún ará abúlé pé omi wọn dáa tàbí kò dáa. Omi tó mọ́ gaara lójú lè ní kòkòrò E. coli, ó sì lè ní flúóráìdì tó pọ̀ jù, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bu omi náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àmọ́ yàrá àyẹ̀wò ló ń sọ èsì.

Ìkejì, kó má fọwọ́ kan inú pọ́ǹpù. Bí irin rẹ̀ bá já sínú kànga, ohun tí owó kékeré ì bá yanjú ti di ti owó ńlá nìyẹn, ẹni tó fà á á sì ti padà sí kíláàsì.

Ẹ̀kọ́ lára àwọn tó ń ya máàpù

Àwọn kan ti ṣe ohun tó jọ èyí rí, ó sì yọrí. Ẹgbẹ́ Humanitarian OpenStreetMap Team, tí wọ́n ń pè ní HOT, fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣọṣẹ́ ní Haiti lọ́dún 2010. Wọ́n ní ojú òpó kan tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé ti lè bá wọn ya máàpù ibi tí máàpù rẹ̀ kò pé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ojú òpó náà á gé agbègbè kan sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá mú ègé kan, tirẹ̀ ni fún ìgbà díẹ̀, ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ kàn án. Yóò wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, yóò fa ilà sí ilé àti ọ̀nà tó bá rí, yóò ní òun ti parí. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó nírìírí jù ú lọ á yẹ iṣẹ́ náà wò. Bí kò bá dáa tó, á dá a padà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ YouthMappers sílẹ̀ lọ́dún 2014 fún àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ya máàpù, ó sì ní ẹ̀ka ní Yunifásítì Cape Coast ní Ghana àti Yunifásítì Port Harcourt ní Nàìjíríà, láì ka àwọn mìíràn.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeéṣe ni pé iṣẹ́ náà kéré tó ohun tí èèyàn lè parí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó hàn sí gbogbo èèyàn nígbà tó bá parí, ẹlòmíràn sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Púpọ̀ nínú àwọn ojú òpó tó ń wá ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ àánú ni kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí.

Ẹ wo ìkéde bíi èyí: "A ń wá ọ̀dọ́ tó nífẹ̀ẹ́ omi mímọ́, tó sì fẹ́ tún ayé ṣe." Igba èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ ohun tó kàn.

Ẹ wá fi wé èyí: "A ń wá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó gbọ́ Tiv, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, tí wọ́n máa yẹ pọ́ǹpù mẹ́fà wò ní agbègbè Gboko ní Sátidé méjì. A ó kọ́ wọn ní fọ́ọ̀mù náà fún wákàtí mẹ́ta. A ó san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ṣáájú." Ó ṣeéṣe kó jẹ́ èèyàn márùn-ún péré ló máa dáhùn, àmọ́ iṣẹ́ máa di ṣíṣe.

Kí ìkéde tó lè rí báyìí, àjọ náà gbọ́dọ̀ ti ronú. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tí àjọ máa kún lórí ojú òpó náà ló yẹ kó le, kí ti akẹ́kọ̀ọ́ rọrùn. Bí àjọ kan kò bá lè sọ ibi, ọjọ́, iye èèyàn àti ẹni tó máa bójútó wọn, kí ojú òpó náà má gba ìkéde rẹ̀.

Èdè, obìnrin àti dátà

Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àti ìwé tó wà. Ìbéèrè tó wúlò jù ni ìjọba ìbílẹ̀ tó lè dé láì sùn síta, àti èdè tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ Yorùbá kan tó ń kàwé ní Zaria. Bóyá ẹnjiníà tó mọṣẹ́ dáadáa ni. Àmọ́ bí kò bá gbọ́ Hausa, kò lè jókòó ti ìyá kan kó béèrè bó ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà omi. Ìbéèrè yìí sì ṣe pàtàkì, torí pé òdiwọ̀n tí WHO àti UNICEF ń lò ni pé kí àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n fi tò lórí ìlà, má kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èèyàn tó bá ń méfò ló máa kọ nọ́ńbà tí àjọ máa fi ná owó.

Ọ̀rọ̀ obìnrin náà wà níbẹ̀. Àwọn ìyá àti ọmọbìnrin ló sábà máa ń pọn omi, àwọn ló mọ ìgbà tí kànga máa ń gbẹ. Ní àwọn ibì kan, ọkùnrin àjèjì kò lè wọ agboolé lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ojú òpó tí kò béèrè bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló nílò fún iṣẹ́ kan yóò máa gba ìdáhùn lẹ́nu àwọn baálé ilé nìkan.

Ti fóònù kò gba àlàyé púpọ̀. Orí fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ máa ti ṣí ojú òpó náà, dátà sì wọ́n. Ẹni tó bá gbé fídíò ńlá sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ti lé ìdajì wọn lọ. WhatsApp ni ìpàdé gan-an á ti máa wáyé, yálà ẹni tó kọ ojú òpó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ta ló jẹ́ ojúlówó?

Gbájú-ẹ̀ náà ń lo ọ̀rọ̀ omi. Ó rọrùn láti fi fọ́tò ọmọ tó ru korobá sórí ayélujára, kí wọ́n máa fi gbowó.

Ní Nàìjíríà, àjọ CAC ló ń forúkọ àjọ aláàánú sílẹ̀ lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020, èèyàn sì lè wá orúkọ àjọ kan lórí ìkànnì CAC. Ó tún yẹ kí àjọ bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC, tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi àjọ aláàánú bo owó àìmọ́ mọ́lẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. Kí wọ́n béèrè orúkọ abúlé mẹ́ta tí àjọ náà ti ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan sì pe ẹni tó ń ṣe alága omi níbẹ̀. Bí àjọ kan bá sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó tó lè yọ̀ǹda ara rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ aráàlú, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kan orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́ẹ̀sì tí ojú òpó náà bá gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni wọ́n lójú òfin, òbí ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gba ohun tó jẹ mọ́ wọn sílẹ̀.

Èyí tó wúwo jù ni ti ojú ọ̀nà. Ní Benue, Plateau, Kaduna àti Zamfara, àwọn ọ̀nà abúlé kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn kìí gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ ní méjì-méjì, lójúmọmọ, sí agbègbè tó mọ̀, kí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka omi ní ìjọba ìbílẹ̀ náà sì mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ta ló máa sanwó ilé ìwòsàn bí ọ̀kadà bá gbé wọn ṣubú? Ojú òpó tí kò bá dáhùn ìbéèrè yìí kó tó ṣílẹ̀, iwájú òbí kan ló ti máa dáhùn rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò bá dé

Iṣẹ́ omi nílò ẹni tó máa padà wá, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kìí pẹ́ níbì kan. Ìdánwò ń bẹ, ìsinmi ń bẹ, ìyanṣẹ́lódì náà ń bẹ. Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì padà sílé wọn ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ojú òpó tó mọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wọn nìkan kò ní rí ẹnì kankan pè nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Èyí tó béèrè ilé wọn pẹ̀lú lè rí wọn níbi tí wọ́n wà, pẹ̀lú àkókò tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìwé ni ètò àgùnbánirọ̀ NYSC, tó ti wà láti ọdún 1973. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí àgùnbánirọ̀ ń fi ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ pọ́ǹpù wò ní Makurdi, tí wọ́n wá gbé lọ sí Kebbi, lè máa bá iṣẹ́ náà lọ bí ojú òpó náà bá jẹ́ kó yí ibi tó wà padà.

Owó náà ń lọ ń bọ̀. Àjọ USAID ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn tó dá YouthMappers sílẹ̀, ti kógbá sílé ní oṣù Keje ọdún 2025. Ojú òpó tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tí ọwọ́ náà bá dáwọ́ dúró. Kí ẹni tó kọ ọ́ kó àkọsílẹ̀ pọ́ǹpù síbi tí gbogbo èèyàn lè rí i ni ohun tó kéré jù.

Ìwà mìíràn tún wà tí irú ojú òpó báyìí máa ń hù: ó máa ń ka orí. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti forúkọ sílẹ̀, àjọ ọgọ́ta ti dara pọ̀. Ará abúlé kò ní fi ìyẹn pọn omi. Pọ́ǹpù mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Mélòó ni wọ́n tún ṣe lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìròyìn ránṣẹ́? Mélòó ló ṣì ń yọ omi lẹ́yìn ọdún kan?

Àwọn ará abúlé náà ń ka tiwọn. Wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó mú fọ́ọ̀mù wá, tó ya fọ́tò, tí wọn kò sì rí mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìbéèrè ogún, tí ẹnikẹ́ni kò sì mú rọ́bà pọ́ǹpù wá lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeéṣe kí ẹni tó máa wá lọ́dún tó ń bọ̀ má rí ẹni dá a lóhùn.

Fún ìdí èyí, ojú ìwé tó ṣe pàtàkì jù lórí irú ojú òpó báyìí ni ti pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ohun tó ṣe é, àjọ tó gbà láti tún un ṣe, ọjọ́ tó ṣèlérí, àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó máa padà lọ wò ó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sì kọ ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ tán, kí àyè orúkọ yẹn má ṣófo. Kí wọ́n ti kọ ti ọmọ ọlọ́dún kejì kan síbẹ̀ kó tó di pé ó di ẹrù rẹ̀ lọ sí ibùdó àgùnbánirọ̀.